Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Dà Nù

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nílé wọ́n á ní ṣebí ara àbúrò ẹ ti yá, kí ló tún kù. Lóòótọ́ ara ẹ̀ ti yá. Ó ti ń jẹ àmàlà rẹ̀ tán, ó ti ń bá àwọn ọmọ àdúgbò gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ kó tó padà sí bárékè. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ inú túùbù kékeré kan ò kúrò lójú mi, ẹ̀jẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi jù sínú garawa tí a máa ń da ẹ̀jẹ̀ tí a ti lò sí ní lábù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Sójà ni àbúrò mi. Ó lọ síṣẹ́ àlàáfíà lápá Sudan, ó lo ọdún kan gbáko níbẹ̀, ó sì gbéra padà wálé lọ́jọ́ Túsìdè. Ọjọ́ Fráìdè ló wọ ilé Màámi ní Másífà, ilé kún fọ́fọ́, wọ́n pa ewúrẹ́. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sátidé kò lè dìde mọ́. Ara ẹ̀ gbóná janjan, ó ní ẹ̀yìn ẹyinjú ń ro òun, ó ní gbogbo oríkèé ń dun òun bí ẹni tí wọ́n nà lẹ́gba. Màámi wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ibà ni. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní ibà ni. Ọmọ tó ń ta oògùn ní kẹ́mísìtì ìkóríta ò tiẹ̀ rí i sójú rárá, òun náà ní ibà ni.

Èmi ni mo gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Mo gbé e lọ sí lábù, mo ṣe tẹ́ẹ̀sì onílà tí a fi ń wá ibà, ìyẹn malaria, ìlà kan ṣoṣo ló jáde, ìyẹn ni pé kò sí ibà. Mo tún tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, mo fi aró sí i, mo fi máíkíróskóòpù wò ó títí ojú fi ń ro èmi náà, mi ò rí kòkòrò ibà kankan. Mo pe ilé, mo ní kò sí ibà o. Màámi ní ẹ̀rọ yín yẹn, ṣé gbogbo ìgbà ló máa ń rí i? Mo ní rárá mà, kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ni mo bá da ẹ̀jẹ̀ tó kù nù, mo ti lábù, mo yà sí kẹ́mísìtì, mo ra oògùn ibà dání lọ sílé.

## Ìbéèrè Bàbá

Ọjọ́ mẹ́fà ni ara ẹ̀ fi gbóná. Lọ́jọ́ kẹrin nǹkan pupa wínníwínní sú sí i láyà àti lápá, Màámi ní ibà ló ń jáde yẹn, wọ́n fi àdí pa á lára. Nítorí oríkèé tó ń dùn ún, kẹ́mísìtì fún un ní ibuprofen, ó sì lò ó. Nígbà tó di ọjọ́ keje ara bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, gbogbo wa dúpẹ́, a gbà pé oògùn ibà ti ṣiṣẹ́.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni Bàbá tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ti oko dé, wọ́n sì yà wá kí i. Sójà ni Bàbá náà tẹ́lẹ̀, wọ́n wà lára àwọn tó bá ECOMOG, ẹgbẹ́ sójà àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lọ sí Liberia ní 1990, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n jókòó sórí àga onírọ́bà, wọn ò tíì fẹnu kan omi tí a gbé fún wọn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo kúrò níbi tí o lọ?"

"Túsìdè ni, sà."

"Ọjọ́ wo lara ẹ wá gbóná?"

"Sátidé, sà."

Bàbá na ọwọ́ òsì, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún ń ka ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Wẹ́sìdè, Tọ́sìdè, Fráìdè, Sátidé. Wọ́n di ìka kẹrin mú, wọn ò jù ú sílẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́rin. Ibà tí ẹ̀fọn ibí bá gbé fúnni kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ lo ti gbé e bọ̀. Àwọn tí ẹ jọ wà lọ́hùn-ún ńkọ́, kí ló ń ṣe wọ́n nígbà tí o fi ń bọ̀?"

Àbúrò mi ronú díẹ̀. Ó ní àwọn méjì kan tí àwọn jọ ń sun yàrá kan náà, ó ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ojú ń ro wọ́n, oríkèé ń ro wọ́n, ara wọn sú. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú èèyàn.

"Ta lo wá sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan, sà. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í. Èmi tí mo gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ gan-an ò bi í. Fọ́ọ̀mù tí mo kọ lọ́jọ́ náà, orúkọ wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní ká kọ ohun tó ń ṣe é mo kọ "ibà" síbẹ̀, ó parí. Kò síbi tí ìwé ti bèèrè pé níbo lo ti ń bọ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ orí ti wọ́ tán kí àgbà tiwa tó ti oko dé.

Bàbá wá sọ ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n tó dìde. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní Monrovia, ọ̀pọ̀ àwọn ló ṣe ibà tí kò gbọ́ oògùn ibà, àwọn kan kú nínú ẹ̀, títí dòní òun ò mọ ohun tó jẹ́, òun sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo tètè dé lábù, àfi bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ yẹn á ṣì wà níbi tí mo jù ú sí. Wọ́n ti sun gbogbo ẹ̀ láti Tọ́sìdè.

## Gbogbo ẹ̀ là ń pè ní ibà

Tí mo bá máa sọ tinú mi, dengue ni mo rò pé ó mú un. Mo rò ó ni, mi ò lè búra sí i, ohun tó sì ń dùn mí gan-an nìyẹn. Fáírọ́ọ̀sì ni dengue, ẹ̀fọn ló ń gbé e, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀fọn tó ń gbé ibà. Ti ibà ń jẹni lóru, èyí tó ń gbé dengue, tí wọ́n ń pè ní Aedes, ojúmọmọ ló ń jẹun tiẹ̀, torí náà nẹ́ẹ̀tì tí sójà ta sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Láti ọjọ́ tó bá jẹ èèyàn, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́wàá kí ara tó gbóná, ibi tí ìka Bàbá dúró sí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kò sí oògùn tó ń pa á. Omi, ìsinmi àti paracetamol ni, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ, pàápàá nígbà tí ara bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tutù tí gbogbo èèyàn ti ń dúpẹ́, torí ìgbà yẹn gan-an lẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò nínú ara. Aspirin àti ibuprofen, wọn kì í fún oní-dengue, ìdí ni pé ẹ̀jẹ̀ lè máa ya lára ẹ̀ tí kò ní dá. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ilé ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Ojú mi ni àbúrò mi ṣe gbé ibuprofen mì, mi ò sọ nǹkan kan, torí gbogbo wa ti gbà pé ibà ni.

Ó sì lè má jẹ́ dengue. Chikungunya náà ń fa oríkèé dídùn, ẹ̀fọn kan náà ló ń gbé e. Ibà pọ́njú, ìyẹn yellow fever, ńkọ́? Ẹ̀fọn kan náà ni, ní Darfur lọ́dún 2012, ó lé ní 800 èèyàn tí wọ́n fura pé ó mú, ó sì pa ju 100 lọ. Ẹ̀ka Sudan kan tí àwọn sójà wa máa ń lọ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Lẹ́nu tiwa, ibà ni gbogbo ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò tún ẹ̀jẹ̀ mìíràn gbà lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn. Ó ti pẹ́ jù ni. Fáírọ́ọ̀sì dengue kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, bí ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ tí ara fi gbóná lèèyàn lè rí òun fúnra ẹ̀ mú. Lẹ́yìn ìyẹn ipasẹ̀ ẹ̀ ló kù, ìyẹn àwọn nǹkan tí ara ń ṣe láti fi bá a jà. Ipasẹ̀ yìí sì máa ń jọra. Kí àbúrò mi tó lọ, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, káàdì yẹ́lò ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìbátan ni ibà pọ́njú àti dengue, tẹ́ẹ̀sì tó ń wá ipasẹ̀ ọ̀kan lè ṣì í mú fún èkejì. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó lè sọ òdodo ni ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ Sátidé.

## Ẹ̀jẹ̀ tó ń rántí

Látìgbà yẹn ni mo ti ń kà nípa bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe ń ṣọ́ sójà tí wọ́n rán lọ sílẹ̀ olóoru. Ní Amẹ́ríkà, láti 1985 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ sójà wò fún HIV, wọn ò da èyí tó ṣẹ́kù nù. Wọ́n ń tọ́jú omi ẹ̀jẹ̀ náà sínú fírísà. Wọ́n ń gbà kí sójà tó lọ sójú ogun, wọ́n tún ń gbà tó bá dé, ó ti lé ní àádọ́ta mílíọ̀nù ìgò kéékèèké tó wà níbẹ̀ báyìí. Àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀ tó. Bí ipasẹ̀ àìsàn kan ò bá sí nínú tàkọ́kọ́ tó wá wà nínú tìkejì, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ ibi tó lọ yẹn ló ti kó o. Ìyẹn sì ń mú àwọn tí kò rẹ̀ pàápàá, torí ọ̀pọ̀ àwọn tí dengue bá wọ ara wọn, wọn kì í mọ̀ rárá.

Ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún 1942, wọ́n gún sójà Amẹ́ríkà lábẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ojú wọn wá ń pọ́n, ẹ̀dọ̀ wọn ń wú, bí 50,000 ló dé ilé ìwòsàn. Nígbà náà kò sí tẹ́ẹ̀sì tó lè sọ ohun tó jẹ́. Láàárín 1980 sí 1990 ni wọ́n padà lọ bá àwọn sójà àtijọ́ yẹn, àwọn tí wọ́n ti darúgbó, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n sì rí i pé hepatitis B ni, inú omi ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí wọ́n fi pò àjẹsára náà ló wà. Ó ju ogójì ọdún lọ kí ìdáhùn tó dé, àmọ́ ó dé, torí ìwé wà tó sọ ẹni tí wọ́n gún àti àjẹsára tí wọ́n fi gún un. Mo ro ti Bàbá àti Monrovia mọ́ ọn, ọkàn mi bàjẹ́.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ fún mi pé nǹkan òyìnbó ni. Àjẹsára tó wà lápá àbúrò mi yẹn, ara ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1927, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, Ghana òní, ibà pọ́njú mú un, kò le púpọ̀, ara ẹ̀ sì yá. Àwọn tó ń ṣèwádìí gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n pa fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀ mọ́, inú fáírọ́ọ̀sì tó ti ara ẹ̀ jáde ni Max Theiler ti ṣe àjẹsára 17D tí gbogbo ayé ń gbà títí dòní, wọ́n fún un lẹ́bùn Nobel fún un ní 1951. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó bá wọn ṣiṣẹ́ náà, ibà pọ́njú ọ̀hún ló pa á l'Ékòó lọ́dún 1927 kan náà. Ká ní ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ Asibi dà á nù bíi tèmi ńkọ́?

Nílé tiwa níbí náà, ní Ìbàdàn láàárín 1964 sí 1968, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn ń gbóná, wọ́n bá dengue nínú ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Igbo-Ora, ìlú Ìgbò-Ọrà tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí ni wọ́n fi sọ ọ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i lára èèyàn. Iṣẹ́ tí ọwọ́ wa ti ṣe rí ni.

## Ohun tó ń bá sójà wọlé

Ọ̀nà mẹ́rin ni dengue pín sí. Ẹni tí ọ̀kan bá mú, ìyẹn ò ní mú un mọ́, àmọ́ tí òmíràn nínú mẹ́ta tó kù bá tún mú un, tìkejì lè le ju tàkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Wọ́n máa tó tún rán àbúrò mi jáde o. Ta ló máa sọ fún dókítà ibẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀ẹ̀kejì rèé? Àjẹsára dengue tó kọ́kọ́ jáde, Dengvaxia, ó dá irú wàhálà yẹn sílẹ̀: ní 2017 wọ́n kéde pé ẹni tí dengue ò mú rí, tó bá gba á, tí dengue wá mú un lẹ́yìn náà, ó lè le jù fún un. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná. Ìtàn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹ̀ lọ́la.

Ó tún kan àwa tá a wà nílé. Gbogbo ọ̀sán tí àbúrò mi fi dùbúlẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màámi, fèrèsé wà ní ṣíṣí. Dúrọ́ọ̀mù omi òjò wà lẹ́yìnkùlé, kò lọ́mọrí. Ẹ lọ wo táyà àlòkù tó wà lẹ́bàá àwọn fọganáísà láti Tákíé títí dé òpin ìlú, omi dúró sínú wọn, ibẹ̀ gan-an ni Aedes fẹ́ràn láti yé ẹyin sí. Ẹ̀fọn tó bá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn lè gbé e fún ọmọ aládùúgbò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Zika náà ńkọ́, fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí Aedes ń gbé, tó lè wà nínú àtọ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń ní kí ọkùnrin tó ti ibi tó wà dé fi oṣù mẹ́ta ṣọ́ra? Sójà tó kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó fún ọdún kan gbáko, ta ló ti bá òun àtìyàwó ẹ̀ jókòó sọ ìyẹn rí?

Èèyàn lè ṣe é, torí wọ́n ti ṣe é. Nígbà Ebola ní 2014, sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n rán lọ sí Liberia, bí wọ́n ṣe ń padà wọ́n ń yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 21, wọ́n ń wo bí ara wọn ṣe gbóná sí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìdí tó fi jẹ́ 21 ni pé Ebola lè fara pamọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kì í lò ju wákàtí mélòó kan lọ, àìsàn ń lo ọjọ́, tí ìṣọ́ bá parí ní pápákọ̀ òfurufú, àìsàn á kàn jókòó ti sójà nínú mọ́tò wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

## Ìdí tí wọ́n fi ń pa á mọ́ra

Mo bi àbúrò mi léèrè ní àwa méjì pé kí ló dé tó ò lọ sọ ní bárékè. Ó wojú mi fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ò mọ bọ́rọ̀ ṣe rí. Tórúkọ èèyàn bá ti wọ ìwé aláìsàn, ìgbà míì tí wọ́n bá ń mú èèyàn lọ, wọ́n á fò ó. Owó ibẹ̀ ni mo fi ń kọ́lé."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ilé náà ti dé ibi òkè wíńdò, mo mọ bó ṣe ń tiraka. Ohun tí mo wá gbà gbọ́ ni pé ìṣọ́ tó bá ń gba oúnjẹ lẹ́nu sójà, sójà á sá fún un, tó bá sì sá, bí wọ́n ní fírísà ẹgbẹ̀rún kan, òfìfo ni. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ẹ̀ láti fi ṣọ́ àìsàn, ọ̀tọ̀ ni kó wà sí ìwé tí wọ́n fi ń yan ẹni tó máa lọ. Kí wọ́n sì sọ èsì ẹ̀ fún òun fúnra ẹ̀, torí ara ẹ̀ ni. Mo ti ń gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn fún ọdún mọ́kànlá, ohun tí mo rí ni pé ẹni tó bá mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ òun ṣe, fúnra ẹ̀ ló máa ká apá aṣọ sókè.

## Fírísà

Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kékeré kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì tí a ti ń kọ fọ́ọ̀mù: Níbo lo ti ń bọ̀? Ọjọ́ wo lo kúrò níbẹ̀? Ọjọ́ wo lara gbóná? Ọ̀gá mi ò bá mi jà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, awakọ̀ tírélà kan tó ti Cotonou dé àti ọmọ ilé ìwé kan tó lọ kí bàbá ẹ̀ ní Abidjan, àwọn méjèèjì ni ìlà kan ṣoṣo jáde fún. Mo pa tiwọn mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí àbúrò mi tó padà sí bárékè, ó yà ní lábù. Kò jẹ́ kí n bẹ òun, ó kàn jókòó, ó na apá. Mo gba túùbù méjì, mo yí i nínú ẹ̀rọ, mo fa omi òkè ẹ̀ tó mọ́ rekete sínú ìgò kéékèèké mẹ́rin, mo fi máákà kọ orúkọ àti ọjọ́ sí wọn lára. Lábẹ́ ọjọ́ mo kọ "ìkejì" sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìkínní. Ó dúró ń wò mí bí mo ṣe ń kó wọn sínú fírísà.

"Ìgbà wo lẹ máa dà á nù?"

"A ò ní dà á nù."

Lóru ọjọ́ náà, ní nǹkan bí aago kan, wọ́n mú iná gbogbo àdúgbò. Mo dìde, mo pe gáàdì lábù. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá gáàdì, fírísà ńkọ́? Wọ́n ní kí n dúró, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí kọnkéré, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá dáhùn.